Kásẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Kọ OKUN Sí Lára

Yàrá kan wà nínú ilé wa ní Kabba tí ọkọ mi ń pè ní sítọ́ọ̀. Yàrá àlejò ni a kọ́ ọ fún, ṣùgbọ́n àlejò kankan kò tíì sùn níbẹ̀ rí. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti àwo fíìmù ló kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, àwọn kan nínú páálí, àwọn kan nínú ike, àwọn kan nínú àpò ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ pọ̀. Fíìmù àtijọ́ ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ dúdú-àti-funfun, láti ilẹ̀ tí n kò dé rí tí n kò sì ní dé. Ìbọn kì í sábà dún nínú wọn. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan jókòó sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti àárọ̀, ọkọ̀ kò dé, òjò bẹ̀rẹ̀, fíìmù sì tán. Ọkọ mi bá mi wo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tán, ó béèrè bóyá èyí tó kù wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kejì.

Kaduna ni mo ti kó àrùn yìí. Mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, bí ọ̀pọ̀ ará ilé wa ti máa ń gba òkè Ọya lọ wá iṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pín wa mọ́ Àríwá. Ilé àṣà kan wà nítòsí ọ́fíìsì wa tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀, wọ́n a sì máa fi fíìmù hàn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Fáànù wọn ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀, nítorí ooru Kaduna kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Fíìmù náà ni mo wá rí nígbà tí ara mi tutù tán. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú wọn, wọ́n kó ẹrù síta pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá mú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi du àga àti tábìlì. Èmi kó kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, èsì tí mo sì fún wọn nígbà náà ni mo ṣì ń fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá yọjú sí yàrá yẹn lónìí: ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ìtọ́jú wọn kò rọrùn. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Nígbà òjò, téèpù a máa bu bíi búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa, mo máa ń kó wọn síta díẹ̀díẹ̀, tí n ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ dé òpin kí n tó yí i padà, kí afẹ́fẹ́ lè dé ibi tó ká mọ́ra. Ẹ̀rọ tó ń lò wọ́n kò sí lọ́jà mọ́. Tèmi jẹ́ àlòkù àwọn tí ó ti sú, tí wọ́n ní kí n wá gbé e kí ó yé gba àyè nílé àwọn. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Fíìmù kan tí mo wò lórí fóònù, nígbà tí mo padà lọ wá a, wọ́n ti gbé e kúrò, kò sì sí ẹni tí mo lè bi léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tèmi kúrò, ẹnu ọ̀nà mi ni yóò gbà wọlé, yóò sì kí mi kó tó kọjá.

Ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọmọ Kiri ni, ní ilẹ̀ Bùnù, Kabba ló wá lọ́kọ sí. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan pàtó, òun fúnra rẹ̀ di onígbàgbọ́ nílé ọkọ, gbogbo wọn sì jẹun nínú ìkòkò kan náà. Bùnù ló ń sọ títí dòní. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ará Ìbàdàn kò ní gbọ́ ìdajì, nítorí náà mo ti fi Yorùbá inú ìwé rọ̀ ọ́ díẹ̀, àfi "ọma" tó fi ń pe ọmọ àti "an" tó fi ń pe wọ́n. Ó máa ń gbọ́ nípa yàrá yẹn láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ìgbà tó dé ló tó wọ inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ títí dé òpin, bí ẹni tó ń wá iṣu tó jẹrà nínú ẹbu.

Ó ní, "Ọma mi, nínú gbogbo èyí, tiwa dà?"

Mo rò pé fíìmù Yorùbá ló ń sọ. Mo fi ibi tí wọ́n wà hàn án. Ó ní kì í ṣe ìyẹn. Ó ní tàwọn, èyí tí wọ́n yà ní Kiri.

Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn náà nìyẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí irun orí èmi fúnra mi ti ń hewú. Nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé, àwọn ọkùnrin kan gbé mọ́tò wá sí Kiri. Wọ́n ń bá awakọ̀ wọn sọ Hausa, wọ́n ń bá ara wọn sọ òyìnbó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bí àwọn obìnrin Bùnù ṣe ń hun aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ló mọ̀ ọ́n hun jù nínú agbo ilé wọn. Inú yàrá ni òfì rẹ̀ máa ń wà, tí ó gbé ti ògiri, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà ní ẹ̀rọ àwọn kò ríran nínú òkùnkùn, ni wọ́n bá gbé òfì síta lójú oòrùn. Wọ́n gbé kámẹ́rà ka ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má wo ojú ẹ̀rọ.

Ìyá mi ní, "An ní kó má wo àwọn. Ó wò wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn pẹ̀lú."

Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni ìyá mi dúró sí, ó di òwú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Àwọn ọkùnrin náà ṣèlérí pé àwọn yóò mú fíìmù náà padà wá kí gbogbo ìlú lè wò ó. Wọn kò padà wá. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú nínú ìrọbí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn bàbá wọn ti wí. Kò sí oníyàwòrán ní Kiri láyé ìgbà yẹn, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò ọmọbìnrin náà rí. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì wà níbì kankan lórí ilẹ̀ ayé, inú fíìmù yẹn ló wà.

"Mo rò pé òun lo ń wá láti ọjọ́ yìí," ni ìyá mi wí. "Mo ní, kí ni ọma mi tún lè máa fi gbogbo kásẹ́ẹ̀tì wá kiri?"

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń retí iṣẹ́ ìyanu. Mo sọ fún un pé fíìmù ayé ìgbà yẹn máa ń tètè bàjẹ́ nínú ooru, pé òjò àti kòkòrò ti jẹ púpọ̀ nínú wọn, pé àwọn tó yà á lè má tilẹ̀ fọ̀ ọ́ jáde. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, tòh, kí n ṣáà máa wá a lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹgbẹ́ kan wà lórí fóònù, àwa tó ń kó fíìmù àtijọ́ jọ láti ìlú dé ìlú, tí a ń ṣe pàṣípààrọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń wá fíìmù àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ lójú oòrùn ní ilẹ̀ Bùnù. Wọ́n fi oríṣiríṣi ránṣẹ́ sí mi. Ẹnìkan fi àwọn ahunṣọ ilẹ̀ mìíràn ránṣẹ́, ẹnìkan fi ìpolówó aṣọ ránṣẹ́. Ọdún ń yípo, mo sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́dọọdún, títí tí wọ́n fi sọ mí ní ìyá aláṣọ.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyá mi ń bá mi wo fíìmù lọ́sàn-án, ó fà mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Kò gbọ́ èdè wọn, kò sì béèrè. Ìwà ló ń wò. Bí ẹnìkan bá wọlé nínú fíìmù tí kò kí ẹni tó bá ńlẹ̀, ó ti tán lójú ìyá mi, kò ní dá a láre mọ́ títí fíìmù yóò fi parí. Bí ó bá sì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe òyìnbó tó ń la igi nínú yìnyín, yóò ní, "Okun o." Bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa nìyẹn, láti Kabba dé Ẹ̀júkù, láti Iffe dé Makutu, òun ni wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ. Ẹni tí a kí yóò dáhùn bákan náà. Àwọn ará inú fíìmù kò dá a lóhùn rí, ó sì sọ fún mi pé òun mọ̀ pé wọn kò gbọ́.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kan láti ilé olùkọ́ yunifásítì kan tó ti kú. Kásẹ́ẹ̀tì dúdú kan ni, bébà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi báírò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i ní lẹ́tà gàdàgbà: OKUN.

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ará Ìlàjẹ tó bá rí i yóò kà á sí omi òkun. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ yóò kà á sí okùn tí a fi ń so ẹran. Èmi, ọmọ Okun, tí mo kọ́ àmì ohùn nílé-ìwé tí mo sì yege nínú rẹ̀, kò sí ọ̀nà mẹ́ta lójú mi. Mo rí orúkọ wa. Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kò ní ẹ̀rọ tí òun lè fi wò ó, ṣùgbọ́n òun yóò bi ọmọ olóògbé. Ó padà dé: ọmọ náà ní òun rí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òun kéré, pé dúdú-àti-funfun ni, pé àwọn obìnrin jókòó lójú oòrùn tí wọ́n ń fi òwú ṣiṣẹ́, pé ó sú òun.

Mo ka ìyẹn lórí ìdúró, mo sì wá ibi jókòó sí.

Mo sọ fún ìyá mi kí kásẹ́ẹ̀tì náà tó kúrò ní Ìbàdàn. Ó ń tẹ́ aṣọ orí ibùsùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ tán, ó tún un tẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn bó awọ tó ń bo ojú rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé ẹyin ojú kì í ṣe ọsàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó mu tíì tán, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni àwọn dókítà yẹn máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Mo ní, "Ìyé, ṣé ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ṣe é?"

Ó ní, "Mo ti yí ọkàn mi padà. Ṣé ó di ẹjọ́ ni?"

A lọ, wọ́n ṣe é, ó sì yọrí sí rere. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ó wo òrùlé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní mo ti gbó. Ọkọ mi ní kó máa bá a lọ, kó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Wébíìlì ni kásẹ́ẹ̀tì náà bá wá, mo sì lọ gbà á ní gáréèjì. Mo fi sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ, mo yí téèpù náà lọ, mo yí i bọ̀. Ọkọ mi fa kọ́tìnì, ó tan jẹnẹrétọ̀ láì jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbé àga wá jókòó, òun tí kì í jókòó wo fíìmù mi. Ìyá mi wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Ó múra tán bí ẹni tí ń lọ pàdé àlejò.

Àwòrán náà kọ́kọ́ fọ́nká, ó ń hó ṣìì, lẹ́yìn náà ó dúró. Omi ni. Omi tí kò ní òdìkejì, tó ń dìde tó ń wólẹ̀, àti ọ̀run lórí rẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àmì ohùn tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi nílé-ìwé padà wá sórí mi lẹ́ẹ̀kan náà: dò, re. Òkun. Olóògbé náà ti túmọ̀ àkọlé fíìmù àwọn ará òkèèrè sí Yorùbá, ó sì kọ ọ́ sí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Ta ni yóò fi àmì sí ohun tó kọ fún ara rẹ̀?

Lójú mi, bóyá omi náà yóò kọjá. Ó kọjá, ó sì di etíkun kan, àwọn obìnrin òyìnbó jókòó lórí yanrìn pẹ̀lú gèlè dúdú lórí, wọ́n ń fi òwú àti abẹ́rẹ́ igi dí ihò àwọ̀n. Lójú oòrùn. Ọmọ olóògbé kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi sún mọ́ wọn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún sí òsì.

Mo ní, "Ìyé, ẹ má bínú. Kì í ṣe tiwa. Omi òkun ni wọ́n kọ síbẹ̀, èmi ni mo ṣì í kà."

Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi pé kí n dákẹ́. Ó kí àwọn obìnrin náà, "Okun o." Ó sì wo fíìmù náà dé òpin. Àwọn ọkọ̀ jáde sórí omi, àwọn kan padà, ọ̀kan kò padà, àwọn obìnrin dúró létí omi, kò sí ẹni tó sunkún lójú kámẹ́rà. Ó bí mi nínú pé fíìmù náà dára. Lọ́jọ́ mìíràn, inú mi ì bá dùn dọ́ba pé mo ní in.

Ọkọ mi dìde, ó jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀. Mo ń dá ara mi lẹ́bi pé mo gbé arúgbó lọ sábẹ́ ọ̀bẹ nítorí bébà tí kò ní àmì.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ara ti tù mí."

Mo bi í pé kí ló tù ú lára.

Ó ní, "Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti lọ lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń wúkọ́ láàárọ̀, mo mọ̀ pé ó wo ẹ̀rọ tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tó fi rẹ́rìn-ín náà, mi ò rí i mọ́. Gbogbo ìgbà tí ò ń wá fíìmù yìí, ẹ̀rù ń bà mí. An ó gbé e jáde, obìnrin yóò pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní mọ èyí tí í ṣe òun. Ìdí tí mo fi jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú nìyẹn. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí n má lè sọ pé ojú ló fà á."

Ó dùn mí wọra. Mo bi í bóyá kí n má wá a mọ́.

Ó ní, "Hàbà. Máa wá a." Ó yí àga rẹ̀ kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí mi. "Nígbà tí mo bí ọ, àwọn àgbà Kiri tó wá kí mi, gbogbo wọn ní ojú ẹ̀gbọ́n mi lo gbé wá. Èmi ò rí ìjọra náà nígbà yẹn, mo ní wọ́n kàn ń tù mí nínú ni. Nísinsìnyí, mi ò ní ohun tí mo lè fi dán an wò. Bí o bá rí fíìmù náà, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wò ó. Èyí tó bá jọ ìwọ fúnra rẹ nínú wọn, òun ni. Kí o wá fi ìka tọ́ka sí i fún mi."